Ìbejì inú Nọ́ńbà

Èmi ni màámi ní kí n to ẹja gbígbẹ sórí àtẹ ní Ẹ̀pẹ́ lánàá. Méjìlá gbọ́ràn: mẹ́ta-mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin. Mọ́kànlá yarí. Mẹ́tàlá náà yarí. Àwọn tí kò ṣeé pín dọ́gba bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní prime.

11 àti 13, 17 àti 19, 29 àti 31: ìbejì ni wọ́n, ẹyọ nọ́ńbà kan ló là wọ́n láàárín. Ìbẹta irú ẹ̀ kò ju 3, 5, 7 lọ, torí bí mẹ́ta bá ń fi méjì-méjì ju ara wọn lọ, 3 á pín ọ̀kan nínú wọn dandan.

Ṣé ìbejì yìí lópin? Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀. Ní 2013, onímọ̀ ìṣirò Yitang Zhang fi hàn pé prime èjì-èjì tí àlàfo wọn kò tó 70,000,000 kò lópin. Wọ́n ti fà á wálẹ̀ sí 246. (Ìdúnàádúrà gidi!)

Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún màámi. Wọ́n ní kí n jẹ ọ̀kan nínú mẹ́tàlá yẹn, kí n sì to èyí tó kù.