Ọ̀nà J4, àti ọ́ìlì tó ń jò lábẹ́ jíìpù bàbá wa

Àbúrò mi obìnrin ń ṣe tíṣà ní Éríà J4, nínú igbó Omo, ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú. Bí táàmù tuntun bá ti fẹ́ wọlé, èmi ni mo máa ń kó ẹrù rẹ̀ láti Ṣàgámù lọ: fóòmù, àpò gàrí, kẹ́ẹ̀gì epo pupa, páálí ìwé àwọn ọmọ. Jíìpù bàbá wa ni mo fi ń lọ, Land Cruiser ọdún 1994. Bàbá ti lọ, jíìpù ṣì wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti bẹ̀ mí pé kí n tà á, mi ò sì ní í tà á.

Láti Ṣàgámù, ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Bìní là ń tọ̀. Ẹ óò kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ óò kọjá Ògbèrè, kí ẹ tó yà wọ igbó. Ibi tí ọ̀dà bá ti tán ni ìrìn àjò gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1925 ni ìjọba ti ya igbó yìí sọ́tọ̀, nígbà tó sì di 1977, UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Erin ṣì wà nínú rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n igi Gmelina tí wọ́n gbìn ní ìlà-ìlà lẹ máa kọ́kọ́ rí, èyí tí wọ́n ní lọ́kàn láti fi ṣe bébà ní Ìwópin, lẹ́yìn náà ẹ óò pàdé agbégilódò. Bí agbégilódò bá ti gbé igi dání, ẹ yà fún un. Àwọn ló ń gbẹ́ ojú ọ̀nà náà di kòtò, tí òjò fi ń sọ kòtò di odò.

Ọ̀kan nínú àwọn odò bẹ́ẹ̀ ni mo là kọjá lọ́jọ́ náà. Omi dé ìdajì táyà. Mi ò dúró rárá. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ti gbóná láti Ṣàgámù wá, mo sì tì í bọ inú omi tútù bẹ́ẹ̀.

Ó ti tó ọdún kan tí dífù ẹ̀yìn ti ń jò, ìyẹn ikùn irin ńlá tó wà láàárín ásù (irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀), tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mẹ́káníkì tí mò ń lò nílé ti pààrọ̀ sílì, ìyẹn òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, tó wà níbi tí pùrọ̀pẹ́là, ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára wá láti iwájú, ti wọ dífù. Tó bá di oṣù méjì, oṣù mẹ́ta, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní sílì ayédèrú ni wọ́n ń tà lọ́jà. Mo gbà á gbọ́, torí ayédèrú pọ̀ lọ́jà lóòótọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí àbàwọ́n dúdú lórí iyanrìn iwájú ilé àbúrò mi, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Mo fi ìka kàn án, mo gbóòórùn rẹ̀. Jíà ọ́ìlì ni. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í rùn bíi ti ẹyin tó ti bàjẹ́. Imí ọjọ́ tí wọ́n pò mọ́ jíà ọ́ìlì, kí eyín irin má baà jẹ ara wọn, ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo tú pílọ́ọ̀gù òkè dífù, mo ki ìka bọ ihò rẹ̀. Ẹnu ihò yẹn gan-an ló yẹ kí ọ́ìlì dé. Ìka mi wọlé dé oríkèé kejì kó tó kan nǹkan. Nígbà tí mo fà á jáde, àyà mi já. Ohun tó wà lára rẹ̀ kò dúdú, kò sì rí bí oyin. Bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí ló rí. Omi ti wọ inú dífù.

Lítà ọ́ìlì kan péré ló wà nínú búùtù. Mo rọ ọ́ sí i, mo dágbére fún àbúrò mi, mo sì ń rọra wá. Ní Ògbèrè, mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ikùn dífù. Ó gbóná, ṣùgbọ́n ọwọ́ gbà á. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ò gbà á ni, ibẹ̀ ni ǹ bá sùn.

Ní ẹ̀gbẹ́ Mọ́bàlùfọ̀n ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n júwe bàbá àgbà kan tó jẹ́ mẹ́káníkì fún mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"O ṣé, ọmọ mi. Kí ló ṣe é?"

"Sílì dífù ni, Bàbá. Ó tún ti jò."

"Ta ló sọ fún ẹ pé sílì ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Bàbá kọ́kọ́ da ọ́ìlì tó ti bàjẹ́ náà nù. Pílọ́ọ̀gù ìsàlẹ̀ ní mágínẹ́ẹ̀tì lẹ́nu, ẹrẹ̀ dúdú kan sì lẹ̀ mọ́ ọn, ó kúnná bíi tìróò. Bàbá fi ìka méjì rin ín. "Èyí ò burú. Bó bá jẹ́ èérún irin ni, ọ̀rọ̀ míì là bá máa sọ." Ó fi ọ́ìlì olówó pọ́ọ́kú ṣan inú rẹ̀, ó dà á nù, ó rọ tuntun sí i, ó lé díẹ̀ ní lítà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló ní kí ọmọ iṣẹ́ fi kẹrosínì àti ọṣẹ fọ gbogbo abẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, kó fi àkísà nù ún gbẹ. Ó wá bu pàúdà ọmọdé, ó wọ́n ọn sára irin náà títí tó fi funfun.

"Wà á dé Òkè-Ẹ̀rì kó o padà wá. Má sáré."

Òkè-Ẹ̀rì ni wọ́n ní ojú oórì Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin olówó inú ìtàn àtijọ́, wà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe Ẹrẹ́dò, yàrà tí àwọn baba ńlá gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, tó sì jẹ́ pé láwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé téńté ògiri tó 20 mítà. Ó wù mí kí n dúró. Ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Mo ṣẹ́rí padà.

Bàbá àti èmi jọ fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Lára táyà méjèèjì, pàúdà ṣì gbẹ. Sílì ásù ò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n níwájú dífù, ìlà dúdú tín-ín-rín kan ti la inú pàúdà kọjá, ó sì ta yí ká bí ìgbà tí ènìyàn bá gbọn ọwọ́ tútù nù. Mo ní nínú ọkàn mi pé sílì náà kúkú ni. Bàbá ò wí nǹkan kan. Ó mú sípánà, ó rọra ń tú pílọ́ọ̀gù òkè. Kó tó tú tán, atẹ́gùn yọ níbẹ̀: ṣììììì.

"Ṣé o gbọ́? Kò ríbi mí."

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí ásù, síbi irin kékeré kan tí kò ju ìdérí ìgò mínírà lọ. Bìrídà nìyẹn, imú dífù. Bàbá fi ìṣó họ abẹ́ ìdérí rẹ̀, amọ̀ pupa sì ń já bọ́, ó ti le bí àpáàdì. Bí dífù bá gbóná, atẹ́gùn inú rẹ̀ á wú. Bìrídà ló yẹ kó gbà jáde. Bí bìrídà bá dí, sílì ni yóò máa tì, ọ́ìlì á sì bá a jáde. Bí a bá wá ti irin gbígbóná bẹ́ẹ̀ bọ omi tútù, atẹ́gùn á sún kì, á sì fa omi gba ẹ̀gbẹ́ sílì kan náà wọlé. Ìyà ẹlòmíràn ni sílì mi ti ń jẹ láti ọdún kan. Ó dùn mí gidigidi.

Ọmọ iṣẹ́ lọ ra sílì àti rọ́bà epo, èmi sì jẹ ìkọ́kọrẹ́ nítòsí. Ewùrà rẹ̀ dára, ẹja gbígbẹ kún inú rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, Bàbá ti tú pùrọ̀pẹ́là. Kó tó kan nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín, ó fi síséèlì sàmì sí i, ó sàmì sí irin tó jókòó lé, ó sì ka iye ìgbà tó yí i kó tó bọ́. Ó ní nọ́ọ̀tì yẹn ló di bẹ́árìn, irin roboto tó ń jẹ́ kí ọ̀pá máa yí geere, mú: ẹni tó bá fún un jù, bẹ́árìn á gbóná títí yóò fi jẹ, ẹni tó bá dẹ̀ ẹ́ jù, jíà á máa ké. Mo wá àmì àtijọ́ lára irin náà, mi ò rí ẹyọ kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹnìkan ti tú u, tó sì fún un padà láìsàmì. Inú bí mi, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

"Fi èékánná kàn án níbí."

Mo fi kàn án. Lára irin tí ètè sílì ń gbá mọ́, ojú ibẹ̀ ti jẹ, èékánná mi há sínú rẹ̀. Bàbá fi sáńpépà tó kúnná dán an, kò sì gbá sílì tuntun wọlé dé ibi ti àtijọ́. Ó fi í sílẹ̀ díẹ̀ síta, kí ètè rẹ̀ lè jókòó síbi tí irin ò tíì jẹ. Nọ́ọ̀tì padà sójú àmì rẹ̀, ó sì lé díẹ̀ bíńtín. Bàbá fi ọwọ́ yí i, ó mì í sókè sódò, kò gbọ̀n. Ó ti rọ́bà bọ ẹnu bìrídà, ó gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ṣáásì lọ sókè títí dé ẹ̀yìn iná ẹ̀yìn, kí imú dífù lè máa wà lókè omi.

"Bó o bá sì dé etí odò, jẹ́ kó tutù ná kó o tó wọlé."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo tún ń gbé àpò ìrẹsì lọ sí J4. Ní Ṣàgámù, páálí tí mo tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú ò ní ẹ̀kán kan. Nígbà tí mo dé etí omi náà, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo jókòó sórí igi tó wó, mo rẹ gàrí. Agbégilódò kan dé láti òdìkejì, dírẹ́bà rẹ̀ yọrí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́ o. Ó ń sinmi ni."

Ó juwọ́ sí mi, ó sì kọjá. Mo fi ọwọ́ kan dífù. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo tún bu omi sí gàrí mi.