Nígbà tí àjèjì bá àjèjì dòwò pọ̀ ní Tallinn

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà ní London àti Houston máa ń bi mí pé kí ni mo rí lọ́bẹ̀ tí mo fi warú sọ́wọ́, tí mo fi wá tẹ̀dó sí Estóníà, orílẹ̀-èdè tí gbogbo èèyàn ibẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan àbọ̀. Ìwé ni mo wá kà. Òwò ló dá mi dúró.

Mo ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní OÜ níbí, ìyẹn ilé-iṣẹ́ aládàáni tí gbèsè rẹ̀ kì í di gbèsè ẹni tó ni ín. A máa ń bá àwọn oníṣòwò kéékèèké ṣe ìkànnì tí wọ́n fi ń tajà. Alẹ́ ni mo forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà, nínú yàrá mi ní Lasnamäe, àdúgbò kan ní Tallinn, olú-ìlú Estóníà. Káàdì ìdánimọ̀ tí ìjọba fún mi ni mo lò: PIN kìíní ni mo fi wọlé, ìkejì ni mo fi buwọ́ lùwé. Ilé-ẹjọ́ kan ní Tartu ló ń yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò, n kò sì mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ títí dòní. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ọmọ ta ni mí, kò sẹ́ni tó ní kí n wá rí òun ní kọ̀rọ̀. Láti oṣù kejì ọdún 2023, òfin ò tiẹ̀ béèrè 2,500 yúrò owó ìdásílẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń mú orí mi wú jù. Oníbàárà kan kọ̀wé sí mi láti Pärnu, ìlú mìíràn níbí, a ò ríra rí. Kí n tó dá a lóhùn, mo ti wo orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ tí ìjọba ń tọ́jú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: àwọn tó ni ín, ìṣirò owó wọn ti ọdún tó kọjá, bóyá wọ́n jẹ ìjọba lówó orí. Gbangba ni gbogbo rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ ni. Òun náà ti wo tèmi. Kí n tó dárúkọ iye, ó ti ń sọ fún mi pé èrè wa ọdún yẹn kéré, kí n má ṣe fi tòun dí i!

Níbi tí kò bá sí irú èyí, ọmọ ìyá ẹni, ará àdúgbò àti ẹlẹ́sìn ẹni nìkan lèèyàn lè bá dòwò pọ̀, torí pé bí nǹkan bá dàrú, a mọ ẹni tá a máa fẹjọ́ sùn. Ó dáa, àmọ́ agbo náà kì í fẹ̀. Lójú tèmi, ibi tí agbo ti fẹ̀ kan ẹni tí a ò mọ̀ rí ni ọrọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń pariwo pé kí ìjọba fi ọjà sílẹ̀ gbàgbé pé ìjọba ló ń tọ́jú ìwé yẹn, òun ló sì gbé ilé-ẹjọ́ kalẹ̀.

Màmá tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa mọ ìgbà tí kò rí báyìí. Lọ́dún 1992, ìyókù owó rúbù Sófíẹ́tì ni wọ́n ń ná, iye ọjà sì fò sókè ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ láàárín ọdún kan. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹfà ni kroon, owó tuntun ti Estóníà nígbà náà, dé. Rúbù 1,500 owó ọwọ́ péré lẹnì kọ̀ọ̀kan lè pààrọ̀ ní rúbù 10 sí kroon kan, kroon 150 ni wọ́n sì gbà. Kroon 8 ni máàkì Jámánì kan, nítorí náà, ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kò tó máàkì 20. Òfin wá de bánkì àpapọ̀ lọ́wọ́: kò lè tẹ kroon tí kò ní wúrà tàbí owó òkèèrè tó dúró fún un. Lára wúrà náà ni èyí tí wọ́n ti kó pamọ́ sókè òkun kí Sófíẹ́tì tó gba ilẹ̀ wọn lọ́dún 1940. Lóṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni Mart Laar, ọmọ ọdún 32, di olórí ìjọba. Wọ́n mú owó ibodè kúrò lórí ọjà tó ń wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku ẹyọ kan. Nígbà tó di 1994, owó orí di 26% fún olówó àti mẹ̀kúnnù.

Màmá kì í fi oyin sọ ìtàn náà o. "A jìyà," báyìí ni wọ́n máa ń wí. Owó ìfẹ̀yìntì òbí wọn kò ra nǹkan kan. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà fún Rọ́ṣíà pàdánù oníbàárà. Kí ẹni tó ń fi Skype, ètò ìpè orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ Estóníà kọ lọ́dún 2003, yangàn lọ dé ìlú Narva, kó wo Kreenholm, ilé-iṣẹ́ aṣọ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1857, tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún síṣẹ́ nígbà kan, tó sì kógbá sílé lọ́dún 2010.

Àwa àlejò ńkọ́? Ọjà ń wọlé fàlàlà, èèyàn kì í wọlé bẹ́ẹ̀. Iye àwa tí a ti ìta Ìṣọ̀kan Yúróòpù wá, tí wọ́n ń gbà lọ́dún kan, kò gbọ́dọ̀ ju 0.1% àwọn olùgbé ìlú lọ. Òfin yọ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ihò abẹ́rẹ́ yẹn ni mo gbà kọjá.

Láti ọdún 2000, wọn kì í gba owó orí lórí èrè tí ilé-iṣẹ́ bá fi sílẹ̀ láti fi ṣiṣẹ́. Ìgbà tí mo bá yọ ọ́ sápò ara mi ni wọ́n ń gbà á. Lọ́dún 2025 ó di 22%, mo sì ráhùn. Àmọ́ ìròyìn ìṣirò wa gbọ́dọ̀ wọlé kí oṣù kẹfà tó parí, àní bí mo bá ń ráhùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí mo jẹ lérè, kó lọ kà á níbẹ̀, kó yéé bi ìyá mi.