Ibi Tí Ẹ Ó Ti Dáná Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Bèèrè

Nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tó kọjá, mo rí fídíò ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń se fréjọ̀n, ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n fi wàrà àgbọn àti ṣúgà sè. Ó da ṣúgà lé ẹ̀wà tí kò tíì rọ̀, ó tún ju káún sí i, ó ní kó lè tètè jinná. Àwọn tó ń wò ó ń kí i kú iṣẹ́. Mo bèèrè ẹni tó kọ́ ọ, àṣé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló ti wá. Ọ̀rọ̀ ti di ti ilé mi nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Àǹtí, tí ẹ fẹ́ máa gba iṣẹ́ oúnjẹ ọdún àti oúnjẹ àtijọ́, ẹ jókòó. Mi ò ní kọ́ yín ní ẹ̀wà sísè. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn, kó padà lọ bá ìyá rẹ̀.

Èkíní, ẹ mọ ọdún tó ni oúnjẹ kí ẹ tó wá bí wọ́n ṣe ń sè é. Gúùdù Fúráídè ló ni fréjọ̀n. Àwọn Àgùdà ló gbé e wá sí Èkó, ìyẹn àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl àti Kúbà, àti àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n padà wálé láàárín ọdún 1800 sí 1900. Àwọn kan nínú wọn dé lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí dì ní Bahia ní Bràsíl lọ́dún 1835, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn. Pópó Àgùdà ni wọ́n tẹ̀dó sí ní Erékùṣù Èkó, ní agbègbè Campos Square àti Bamgbose Street. Títí dòní ẹ ó bá da Silva, Pereira àti Salvador níbẹ̀. Ìjọ Kátólíìkì kì í jẹran lọ́jọ́ ikú Jésù, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀wà pẹ̀lú ẹja. Ní Bahia náà, bí ọ̀sẹ̀ mímọ́ bá dé, wọ́n ṣì ń lọ ẹ̀wà pọ̀ mọ́ wàrà àgbọn àti ṣúgà, feijão de leite ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan ti ní kí n bá òun fi tòlótòló sí tòun rí. Mo ní kó dúró de Kérésìmesì.

Èkejì kò gùn. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú àpò kì í rọ̀ bọ̀rọ̀, ẹ tọ́ díẹ̀ sè wò kí ẹ tó ra púpọ̀. Ṣúgà kì í jẹ́ kí ẹ̀wà rọ̀, ìgbà tó bá ti fọ́ pátápátá, tí ẹ ti lọ̀ ọ́, tí ẹ sì ti sẹ́ ẹ, ni kẹ́ ẹ tó fi sí i. Káún máa ń mú un rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń fi adùn ọṣẹ sílẹ̀ lẹ́nu, kò sì sí kànáfùrù tó lè bò ó. Kóńgò ẹ̀wà kan, àgbọn ńlá 5 tàbí 6. Wàrà tí ẹ bá kọ́kọ́ fún, ẹ gbé e sọ́tọ̀ di ìgbẹ̀yìn. Èyí tí ẹ fi omi fún lẹ́ẹ̀kejì ni kẹ́ ẹ fi sè é. Kí iná má pọ̀, bí ó bá hó gùdùgùdù, òróró máa yapa lára wàrà.

Ẹ̀kẹta ni pé kí ẹ bèèrè ibi tí ẹ ó ti dáná kí ẹ tó bèèrè iye tí wọ́n máa san. Mo fẹ́ kí èyí náà kúrú bíi ti òkè yẹn, kò ṣeé ṣe.

Obìnrin kan gbé iṣẹ́ wá bá mi. Wọ́n fẹ́ ṣe ìpàtẹ oúnjẹ ìbílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kan lápá Lẹ́kì, Gúùdù Fúráídè gan-an ni wọ́n sì mú. Àwọn ará Ọ̀yọ́ máa gbé àmàlà àti gbẹ̀gìrì wá, àwọn Ìjẹ̀bú máa se ìkọ́kọrẹ́, wọ́n ní Èkó náà gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ọwọ́ ìyá àgbà kan ní Pópó Àgùdà ni mo ti kọ́ fréjọ̀n, ìyá tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan asẹ́ òun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ọjọ́ tí àwọn tí kò mọ Èkó ju ọtí àti ariwo lọ máa tọ́ nǹkan gidi wò.

Mo ní kí wọ́n fún mi láyè lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Àdògán, igi ìdáná, ìkòkò, ó tán. Obìnrin náà kọ̀. Ó ní èéfín máa ba aṣọ àtíbàbà jẹ́, pé àwọn àlejò òun kì í ṣe irú àwọn tí èéfín ń fẹ́ sí lójú. (Oúnjẹ ìbílẹ̀ ni wọ́n kọ sára ìwé ìpè o.) Mo ní kí n fi gáàsì sè é nígbà náà. Ó ní àwọn tó ni gbọ̀ngàn ò gba gáàsì. Kí n sè é wá láti ilé, kí n sì gbé e dé láago mẹ́wàá àárọ̀, torí àwọn ayàwòrán fẹ́ yà á kí oòrùn tó le. Ìgbà wo làwọn àlejò máa jẹun? Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìsìn aago mẹ́ta.

Mo ṣàlàyé fún un pé ẹ̀wà tí wàrà àgbọn bá ti wọ̀ kì í dúró. Ó ní, "Ẹ wá nǹkan ṣe sí i, Àǹtí, ẹ̀yin lẹ mọṣẹ́." Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn. Ẹni tó bá ti gba iná kúrò lọ́wọ́ yín ló máa ń rán yín létí pé ẹ mọṣẹ́.

A ò sùn mọ́jú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, fréjọ̀n ti jinná, ó ki, ó ń dán, ó ń ta sánsán. A rọ ọ́ sínú kúlà ńlá, a dé e pa. Ọkọ̀ ńlá kan ti dákú sórí afárá Third Mainland láàárọ̀ ọjọ́ náà, a jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títí ara àwọn ọmọ iṣẹ́ fi wó. Nígbà tí a débẹ̀, àwọn ayàwòrán ń ṣí kúlà, wọ́n ń pa á dé, wọ́n tún ń ṣí i. Ẹnì kan fi ṣíbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tọ́ ìkọ́kọrẹ́ wò tọ́ tèmi náà wò, ó wá dá èyí tó kù lójú ṣíbí padà.

Aago mẹ́rin lù, a ṣí i. Fréjọ̀n ń hó láìsí iná. Òórùn ògì tó kan ló kọlu gbogbo wa. Àwọn èèyàn ti tò síbẹ̀ pẹ̀lú àwo, àwọn mìíràn ṣì wọ aṣọ dúdú tí wọ́n wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá àgbàlagbà kan ló wà níwájú, ọmọ Pópó Àgùdà, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó wo kúlà, ó wò mí. Kò bínú. Ó kàn bèèrè pé, "Ọmọ mi, ọwọ́ ta lo ti kọ́ ọ?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Kí n dárúkọ ìyá àgbà níwájú ẹ̀wà tó ti kan? Mo ní, "Ẹ má bínú, sà," mo sì dorí kodò. Èébú yòówù tí wọ́n bá bú mi, mo ti gbàgbé rẹ̀. Ìbéèrè bàbá yẹn ni mi ò tíì gbàgbé.

Ní ti obìnrin tó gbéṣẹ́ fún mi, ó gba máíkì, ó ní alásè ní ìṣòro díẹ̀, kí àwọn èèyàn máa lọ sídìí àmàlà. Kò san owó tó kù. Àwòrán aago mẹ́wàá àárọ̀ wá jáde, ó rẹwà, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ẹ̀wà tí a dà nù ló fi polówó ìpàtẹ ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú kúlà yẹn, torí ẹ̀yin náà ń lò ó. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí hóró wọn kì í kú sínú omi híhó. Bí oúnjẹ bá ti lọ sílẹ̀ sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, títí dé 5, wọ́n lè jí, kí wọ́n máa bí sí i. Fréjọ̀n ki, àárín rẹ̀ kì í tètè tutù, kúlà sì ń bá a tọ́jú ìlọ́wọ́ọ́rọ́ náà. Ìyá àgbà kò ka ìwé kankan nípa èyí. Abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa ń pín in sí, ó máa ń jẹ́ kí ooru jáde kó tó dé e, ìgbà tó bá sì rí àwọn ará ilé tí wọ́n ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń da wàrà àkọ́fún sí i, tó sì ń gbé e padà síná. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbé fréjọ̀n rìn, ẹ gbé ẹ̀wà lọ́tọ̀, kí wàrà wà nínú yìnyín. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti pò ó pọ̀, kó sì hó dáadáa. Ìyẹn ò ṣeé ṣe níbi tí kò bá sí iná.

Ẹ má sì rò pé Lẹ́kì nìkan ni wọ́n ti ń ṣe báyìí. Nígbà tí Bràsíl ń múra ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ti 2014, FIFA fẹ́ lé àwọn obìnrin alákàrà Bahia kúrò ní àyíká pápá Fonte Nova ní Salvador. Lọ́dún 2005 ni ìjọba Bràsíl ti kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin yìí sínú ìwé ogún ìlú o! Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n kọ̀wé, wọ́n pariwo, lọ́dún 2013 FIFA gbà kí wọ́n dín àkàrà wọn níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dín in sílé, kí wọ́n gbé e wá láti yà á ní fọ́tò. Ní ìlú yẹn kan náà, ní oṣù September, tí wọ́n bá ń ṣe ọdún Cosme àti Damião, àwọn ẹni mímọ́ Kátólíìkì méjì tí wọ́n so pọ̀ mọ́ Ìbejì, wọ́n ń se caruru, ilá ni pẹ̀lú epo pupa. Ọmọdé 7 ló ń kọ́kọ́ jẹun kí àgbà kankan tó fọwọ́ kàn án. Ẹ lọ bá wọn sọ pé kí ayàwòrán ṣáájú àwọn ọmọ, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ fún yín.

Ohun tó ń dùn mí lára yín ni pé ẹ ń bẹ̀rù àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún yín. Ẹ mọ oúnjẹ yìí jù wọ́n lọ, síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yan aago fún yín, kí wọ́n yan ìkòkò, kí wọ́n yan bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe máa rí. Ọmọ iṣẹ́ mi kan gba iṣẹ́ gbẹ̀gìrì lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kó má fi epo pupa sí i kó má ba funfun ara tábìlì jẹ́. Ó gbà! Mo ní kó má pe orúkọ mi níbẹ̀.

Bí èmi ṣe ń gba iṣẹ́ nìyí. Ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ jẹ ẹ́ ni mo ti ń parí rẹ̀. Owó igi, owó yìnyín àti owó ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò kó má sí ẹni tó máa ki ṣíbí bọ̀ ọ́ wà nínú ìwé àdéhùn. Ìdajì owó kí n tó ra ẹ̀wà, ìdajì tó kù kí n tó ṣí ìdérí. Bí wọ́n bá ní ó ti pọ̀ jù, mo máa ń júwe ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀wà àgànyìn fún wọn.