Ohun tí mo kà lópin ọ̀sẹ̀ lọ́dún yìí, àti èyí tó kù lọ́kàn mi

Ọdún 2025 ti ń kógbá sílé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń gbé àkọsílẹ̀ tiwọn jáde: ẹni tó kọ́lé, ẹni tó bímọ, ẹni tí wọ́n fún ní físà. Ẹ kú oríire o. Tèmi kò ju ìwé kíkà lọ. Láti oṣù kìíní ni mo ti pinnu pé ní Sátidé àti Sọ́ńdè, lẹ́yìn aṣọ fífọ̀ àti ọjà, n ó máa ka nǹkan kan nípa sáyẹ́ǹsì, ìlera, àyíká tàbí ẹ̀rọ, ohun tí kò kan iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun. Àsìkò òde ìgbéyàwó dà á rú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tọ́jọ́.

Nígbà tí mo wá jókòó wo ohun tó kù lórí mi, ẹnu yà mí. Gbogbo èyí tí mo kà nípa fóònù tuntun àti kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè bí ènìyàn ti gbẹ dànù. Mo rántí pé mo kà wọ́n. N kò rántí ohun tí wọ́n sọ. Sòbìà, aràn tó ń yọ lára ènìyàn, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ló kù. Sòbìà ló sì gba àkókò mi jù.

Jimmy Carter tó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí kú ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2024, lẹ́ni ọgọ́rùn-ún ọdún. Ibi tí mo ti ń ka ìtàn ayé rẹ̀ ní oṣù kìíní ni mo ti rí i pé ó ti ní òun fẹ́ kí sòbìà tó gbẹ̀yìn láyé kú ṣáájú òun. Ó kù díẹ̀ kó ṣojú rẹ̀. Lọ́dún 1986, nígbà tí àjọ rẹ̀ gbógun ti àìsàn náà, nǹkan bí mílíọ̀nù 3.5 ènìyàn ni ó ń mú lọ́dún kan. Lọ́dún 2024, ènìyàn 15 péré ni, ní Chad àti Gúúsù Sudan.

Nàìjíríà wà lára ibi tó ti jà jù. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka àwọn tó ní in láti abúlé dé abúlé, ní nǹkan bí ọdún 1988, iye wọn lé ní 650,000. Títí di òní, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sì sí oògùn tó ń pa á nínú ara. Aṣọ asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi mímu ni wọ́n fi lé e lọ, pẹ̀lú oògùn díẹ̀ nínú adágún, kànga tó jinlẹ̀, àti ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni o, nítorí ọgbọ́n sòbìà pọ̀. Yóò lo bí ọdún kan lábẹ́ awọ, yóò gùn tó mítà kan, yóò wá máa jóni lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń jó yóò wá omi tútù ki ẹsẹ̀ bọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti kan omi ni sòbìà yóò tú ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, kòkòrò tíntìntín inú omi yóò gbé wọn mì, ẹlòmíràn yóò sì bu omi náà mu. Nítorí náà, ẹni tí ara ń ro ni wọ́n ní láti bẹ̀ kó má ṣe wá ìtura nínú odò.

Màmá mi dàgbà sí apá Ìbàràpá. Nígbà tí mo ń ka èyí sí wọn létí, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Sòbìà náà ló wá di ohun tí ò ń kà nínú fóònù?" Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, kò sẹ́ni tó gbà pé inú omi ló ti ń wá. Inú ara oníkálukú ni wọ́n gbà pé ó wà, bí iṣan. Ó kàn máa ń dìde sí ẹlòmíràn ni. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń yọ. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ká a, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, bó bá sì já sínú, ọ̀ràn dé. Mo wá kà á lẹ́yìn náà pé William Brieger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti lọ sí Ìdèrè, ní Ìbàràpá náà, lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí gan-an lẹ́nu àwọn ará ìlú kí wọ́n tó fi asẹ́ lọ̀ wọ́n. Ó wù mí pé wọ́n kọ́kọ́ gbọ́.

Ẹni ìkẹyìn tí sòbìà mú ní Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Ẹnúgu ló wà, lọ́dún 2008. Lọ́dún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé a ti bọ́. Kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí: mo ti gbọ́ òwe yìí àìmọye ìgbà, n kò sì tíì fojú rí sòbìà rí.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa wá ohun mìíràn tí wọ́n ti gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ tí a kò mọ̀. Ó wà. Àwọn Potogí gbé ẹ̀gẹ́ wá sí Áfíríkà láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù, ṣùgbọ́n kòkòrò kan tó ń jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún kò bá a wá. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ló tó dé sí Kóńgò, ara rẹ̀ funfun bí ẹni tí wọ́n wọ́n láfún sí. Ó ń fa oje ewé, ewé ń ká jọ, ẹ̀gẹ́ kò ta. Oko mìíràn pàdánù ìdá 80 nínú 100. Ó ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn títí tó fi kàn wá.

Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, dé IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, lọ́dún 1979. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé kí ló ń pa kòkòrò yìí níbi tó ti ṣẹ̀ wá? Paraguay ni wọ́n ti rí ìdáhùn lọ́dún 1981: agbọ́n wínníwínní kan tó ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà, tí ọmọ rẹ̀ yóò sì jẹ ẹ́ láti inú. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní Lọ́ńdọ̀nù ná, wọ́n gbé e wá sí Ìbàdàn, wọ́n tú u sílẹ̀ lọ́dún yẹn náà. Nígbà tó yá, bàálù ni wọ́n fi ń fọ́n ọn sórí oko. Àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Wọ́n fún Herren ní World Food Prize, ẹ̀bùn ńlá àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, lọ́dún 1995. Èmi tí mo ń gba ẹnu ọ̀nà IITA kọjá lọ sí Mọ́níyà, n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí títí di ọdún yìí.

Mo ka ti májèlé inú ẹ̀gẹ́ náà, sáyánáìdì, àti bí rírin, kíkan, fífún àti yíyan ṣe ń lé e jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti UCH fura sí i ní àwọn ọdún 1960 pé òun ló wà nídìí àìsàn tó ń mú ẹsẹ̀ àwọn ará Ẹ̀pẹ́ gbọ̀n. Láti ìgbà náà, gàrí tó kan dáadáa ni mò ń rà. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ èyí tí kò kan, ó kù sọ́wọ́ rẹ̀.

Ti ẹ̀jẹ̀ kò dùn mọ́ mi nínú bẹ́ẹ̀. Ìtọ́jú kan ti wà fún àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, Casgevy, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, tí Amẹ́ríkà sì tẹ̀lé e ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Wọ́n á tún jíìnì inú mùdùnmúdùn egungun aláìsàn ṣe kí ara rẹ̀ lè máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣe nígbà tó wà nínú ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, mo kí wọn. Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Nàìjíríà sì ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àìsàn náà jù láyé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà, R21, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní Kebbi àti Bayelsa ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, kò ju dọ́là mẹ́rin lọ fún abẹ́rẹ́ kan. Èyí ni mo fọkàn sí. Ó ṣe tán, ìmọ̀ tó tún ayé wa ṣe jù nínú gbogbo èyí tí mo kà kì í pariwo, owó rẹ̀ kì í sì í pọ̀.

Ohun tó yí padà nílé mi kò tó nǹkan. Jẹnẹrétọ̀ ti kúrò lẹ́bàá fèrèsé, nítorí afẹ́fẹ́ kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò lóòórùn, tó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Mo dín Maggi kù nínú ọbẹ̀. Ọkọ mi ṣì ń kùn.

Lọ́dún tó ń bọ̀, omi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, àti bọ́họ̀ tí oníkálukú ń gbẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lẹ́bàá ṣáláńgá aládùúgbò. Ẹni tó bá mọ ibi tí àkọsílẹ̀ tó dáa wà nípa bọ́họ̀ yẹn, kó jọ̀ọ́ júwe rẹ̀ fún mi.