Abọ́ Tí Mo Fọ̀ ní Amritsar

Bí o bá ń gbé Southall, ní ìwọ̀ oòrùn London, àwọn ará Punjab ni aládùúgbò rẹ, o fẹ́ o kọ̀. Ọ̀dọ̀ wọn la ti ń ra ata, ilá àti atalẹ̀. Ṣùgbọ́n ká máa rajà lọ́wọ́ ẹni ò sọ pé a mọ̀ ọ́n. Àfìgbà tí Àǹtí tó múlé tì wá pè mí síbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò wọn ní Amritsar, ìlú kan ní Punjab ní ilẹ̀ India, ni ojú mi tó là sí ìyẹn.

Ìgbéyàwó náà dùn, mi ò ní purọ́, àmọ́ ẹni tó bá ti lọ òde àríyá n'Íjẹ̀bú kò ní rí nǹkan tuntun níbẹ̀. Harmandir Sahib, ilé ìjọsìn àwọn ẹlẹ́sìn Sikh tí wọ́n fi wúrà bò, ló gbà mí lọ́kàn. Ẹnu ọ̀nà mẹ́rin ló ní, torí kò sí ìhà tí èèyàn ti lè wá tí wọn ò ní gbà á. Wàá bọ́ bàtà, wàá ṣan ẹsẹ̀, wàá borí, tọkùnrin tobìnrin. Ilé oúnjẹ wọn, langar, ń bọ́ èèyàn tó lé ní 50,000 lóòjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní bi ọ́ léèrè ẹ̀sìn rẹ.

Ilẹ̀ la jókòó sí ní ìlà gbọọrọ. Ọkùnrin tó ń pín róòtì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, dúró síwájú mi, kò fi í sábọ́, ó kàn ń wò mí. Àǹtí fi ìgúnpá tọ́ mi: "Ọwọ́ méjèèjì, ọmọ mi." Mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó sì fún mi. Ìyá mi ì bá fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gan-an ni! Ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi wọ aago olówó ńlá. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ló wà lápá òsì. Ìpọnbẹ̀ kan náà ni wọ́n fi bu ọbẹ̀ fún wa. Ìtàn wọn sọ pé Akbar, ọba ńlá ilẹ̀ India láyé àtijọ́, pàápàá ní láti jókòó sílẹ̀ jẹun kó tó rí Guru Amar Das, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú ẹ̀sìn Sikh. Mo rántí òde tiwa, níbi tí ẹran ńlá ti ń lọ sí tábìlì àwọn ọlọ́lá, tí àwọn ará ẹ̀yìn ń fojú wá jọ̀lọ́ọ̀fù.

A jẹun tán, Àǹtí ká apá aṣọ, wọ́n ní ká lọ fọ abọ́. Obìnrin kan tí a ò gbọ́ èdè ara wa rí bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí. A jọ fọ̀ ọ́ títí apá fi ń ro mí.

Jallianwala Bagh, ọgbà kan, ò jìnnà síbẹ̀. Níbẹ̀ ni Dyer, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, ti ní kí wọ́n yìnbọn lu èrò tí kò ní ohun ìjà, ní April 13, 1919. Ihò ọta ṣì wà lára ògiri. Mo sọ Ogun Adùbí ti 1918 fún Àǹtí, bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ṣe kó ṣọ́jà lọ bá àwọn Ẹ̀gbá tó kọ owó orí. Ó yà wọ́n lẹ́nu: "Ẹ̀yin náà?" Ìbéèrè wọn ò tán títí a fi délé.

Nígbà tí a ń ṣe ìsọmọlórúkọ níbí, a ti fi Àǹtí sí tábìlì iwájú. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀, ẹ̀yìn lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé àwo ni wọ́n lọ jókòó. Ojú ti ọkọ mi. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀.