Iṣẹ́ ló ń fọ́ mi lórí, ibà ni mò ń wò

Fún bí oṣù mẹ́rin, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ọmọbìnrin tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì kan nítòsí Takie. Kí n tó kí i tán, á ti nawọ́ síbi tí oògùn ẹ̀fọ́rí wà. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni orí náà máa ń bẹ̀rẹ̀: á ti èjìká gun ọrùn, á wá jókòó sí ìpàkọ́. Mo ní ibà ni. Kí ló tún máa ń fọ́ èèyàn lórí nílẹ̀ yìí? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lo oògùn ibà láàárín oṣù mẹ́rin yẹn, tí ẹnikẹ́ni ò yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò.

Ìṣirò owó ni mò ń ṣe níbi iṣẹ́. Ẹni méjì fi ọ́fíìsì wa sílẹ̀, wọn ò fi ẹnìkan rọ́pò wọn, ni iṣẹ́ ẹni mẹ́ta bá di tèmi nìkan. Ọ̀gá mi kì í pariwo. Ká ní ó ń pariwo ni, ì bá sàn. WhatsApp ló ń lò. Aago mẹ́wàá alẹ́, fóònù á dún: “Ìyá Ayọ̀, ìṣirò oṣù tó kọjá yẹn ò bára mu o.” Oorun á sì fò lọ. Màá dùbúlẹ̀, ọkàn mi á máa lù kìkì bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Màámi ní kì í ṣe ojú lásán. Wọ́n gbé omi àdúrà wá fún mi. N ò bá wọn jiyàn. Mo mu omi náà, mo sì fi gbé oògùn ẹ̀fọ́rí mì.

Àwọn nọ́ọ̀sì tó wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Àìkú kan ló tú àṣírí mi. 158/102. Wọ́n ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ ná, wọ́n tún un wọ̀n: 156/100. Tó bá ti ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lemọ́lemọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn bi mí léèrè oògùn tí mò ń lò. Mo dárúkọ ibuprofen, oògùn ẹ̀fọ́rí mi yẹn, pé ojoojúmọ́ ni. Obìnrin náà káwọ́ lérí. “Ẹ̀yin náà lẹ ń fọwọ́ ara yín gbé e sókè o!” Àṣé oògùn náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sókè sí i, ó sì lè dá egbò sínú èèyàn. Ohun tó ń ta mí nínú, tí mo ń pè ní ebi, yé mi lọ́jọ́ yẹn.

Dókítà tí mo rí lẹ́yìn náà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò: kò síbà rárá. Wọ́n ṣàlàyé pé bí ẹ̀rù tàbí ìdààmú bá dé, ara máa ń da adrenaline àti cortisol, èròjà tó ń múra ara sílẹ̀ de ewu, sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á yára, iṣan á fún, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ á gòkè, kéèyàn lè sáré tàbí kó jà. Tó bá jẹ́ ejò lèèyàn rí, kò ní pẹ́ parí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ́fíìsì kì í parí, ara ò sì mọ̀ pé ìwé lásán ni. Ọrùn mi tó le gbagidi náà, bí mo ṣe ń ká èjìká sókè níwájú kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́ ni.

Mo jókòó, mo ka wákàtí mi. Aago méje àbọ̀ àárọ̀ sí méje alẹ́, ọjọ́ márùn-ún, pẹ̀lú wákàtí márùn-ún lọ́jọ́ Àbámẹ́ta: ó lé ní ọgọ́ta. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé kéde pé ẹni tó bá ń ṣe wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ rẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ. Ìyẹn ni mo kọ sórí ìwé, mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Mi ò sunkún, mi ò bẹ̀bẹ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú iṣẹ́ mẹ́ta yìí, èwo lẹ fẹ́ kó pẹ́?” Kò gba ẹnikẹ́ni kún wa o, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀kan nínú iṣẹ́ náà, ìwé ọjà, lọ́wọ́ mi.

Tí orí bá ń fọ́ yín lemọ́lemọ́, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ilé ìwòsàn LAUTECH wà, tí ti Bowen wà, àwáwí wo ló kù? Bí àyà bá ń dùn yín, tàbí tí apá kan ara bá kú lójijì, ẹ má dúró de ìparí iṣẹ́. Èmi ń lo oògùn mi lójoojúmọ́, mo ti dín iyọ̀ kù, mò ń jẹun ọ̀sán dípò bísíkíìtì, mo sì máa ń fẹsẹ̀ rìn dé Takie kí n tó gun ọ̀kadà. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, fóònù mi ń sùn ní pálọ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọ̀gá tún kọ̀wé sí mi láago mẹ́sàn-án alẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo tó rí i.