Láti Africatown dé Orí Afárá Selma: Ọjọ́ Mẹ́ta Nínú Ìtàn Alabama

Ọ̀pọ̀ àlejò tó ń wá wo ibi ìtàn ní Alabama máa ń gba Birmingham wọlé. Kò burú, àmọ́ ìdajì ìtàn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ yẹn. Mobile, létí omi ní ìsàlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà, ni kí ẹ ti gbéra, kí ẹ gòkè lọ sí Montgomery, kí ẹ tó yà sí Selma. Mobile sí Montgomery tó nǹkan bíi kìlómítà 270 lójú títì I-65. Montgomery sí Selma kò ju 80 lọ. Ẹ háyà mọ́tò, torí ẹni tó bá gbójú lé bọ́ọ̀sì á kàn gbó sídìí rẹ̀ ni. Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ fi ṣe Mobile, ọjọ́ Ẹtì fún Montgomery, Àbámẹ́ta fún Selma. Ìdí ni pé àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ṣe kókó ní Montgomery máa ń tì lọ́jọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìsìn sì ni wọ́n ń ṣe nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, kì í ṣe pé wọ́n ń mú àlejò yí ká.

Africatown, ìlú tí àwọn ẹrú tó gba òmìnira tẹ̀ dó, wà ní nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún sí àárín ìlú Mobile. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀. Síbẹ̀, lọ́dún 1860, olówó kan tó ń jẹ́ Timothy Meaher ta tẹ́tẹ́ pé òun á kó wọn wọlé, kò sì sí ohun tẹ́nikẹ́ni máa fi òun ṣe. Ọ̀gákọ̀ William Foster tu ọkọ̀ Clotilda lọ sí Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ó sì kó èèyàn tó tó 110 sínú ọkọ̀ tí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 86 lọ. Lóru ni wọ́n wọ Mobile ní Oṣù Keje. Wọ́n kó àwọn èèyàn náà pamọ́ sínú irà, Foster sì dáná sun ọkọ̀ kí ẹ̀rí má bàa sí. Meaher jẹ tẹ́tẹ́ rẹ̀ lóòótọ́: kò sí ilé ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi.

Nígbà tí òmìnira dé lọ́dún 1865, owó ọkọ̀ tí wọn ì bá fi padà sílé kò sí. Wọ́n ní kí Meaher fún àwọn nílẹ̀, ó kọ̀. Ni wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ nílé ìlagi, wọ́n ń tọ́jú owó, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n sì tẹ ìlú tiwọn dó. Kossola, tí òyìnbó ń pè ní Cudjo Lewis, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn onímọ̀ ìtàn tọ ilé rẹ̀ dé agbègbè Bantè ní Benin òde òní, láàárín ẹ̀ka Yorùbá ibẹ̀. Ó kú lọ́dún 1935. Ère orí rẹ̀ wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Union Missionary Baptist tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀.

Ẹ má wulẹ̀ wá ọkọ̀ náà lọ sétí odò. Ọdún 2019 ni wọ́n kéde pé àwọn ti rí i, àmọ́ inú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ odò Mobile ló ṣì wà. Africatown Heritage House, tí wọ́n ṣí ní Oṣù Keje 2023, ni ẹ ti máa rí ègé pákó rẹ̀. Inú omi ni wọ́n kó wọn sí, torí pákó tó ti pẹ́ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ odò máa ń sún kì, ó sì máa ń là, tó bá gbẹ lójijì. Ilé náà kò tóbi, wákàtí ni wọ́n sì ń pín fún àlejò. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbéra.

Ní Montgomery, Dexter Avenue ni gbogbo nǹkan dì jọ sí. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọba, ìràwọ̀ idẹ kan wà nílẹ̀ níbi tí Jefferson Davis ti búra ní ọjọ́ 18 Oṣù Kejì 1861 gẹ́gẹ́ bí ààrẹ àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tó ya kúrò nítorí oko ẹrú. Ibẹ̀ náà ni Gómìnà George Wallace dúró sí lọ́dún 1963 tó búra pé dúdú àti funfun kò ní da pọ̀ láé. Ṣọ́ọ̀ṣì tí Martin Luther King jẹ́ pásítọ̀ rẹ̀ láti 1954 sí 1960 kò jìnnà; ẹ lè fojú rí ọ̀kan láti iwájú èkejì. (Ìpínlẹ̀ yìí kan náà ló so ọjọ́ ìbí King mọ́ ti Robert E. Lee, ọ̀gágun àwọn tó jagun nítorí ẹrú: ọjọ́ Ajé kẹta nínú Oṣù Kìíní ni wọ́n ń gba ìsinmi fún àwọn méjèèjì pọ̀.)

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Rosa Parks wà níbi tí wọ́n ti mú obìnrin dúdú náà ní ọjọ́ 1 Oṣù Kejìlá 1955, torí pé kò dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì tó wọ̀ gan-an kò sí níbẹ̀, ìpínlẹ̀ Michigan ló wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ sì máa ń sọ pé àga òyìnbó ló jókòó sí, kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín ọkọ̀ ló wà, níbi tí dúdú lè jókòó sí títí dìgbà tí àga òyìnbó bá kún. Awakọ̀ ní kí èèyàn mẹ́rin dìde nítorí òyìnbó kan ṣoṣo, òun nìkan ni kò dìde. Ọjọ́ 381 ni àwọn dúdú fi kọ bọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n fi rìn ín: wọ́n ṣètò nǹkan bí 300 mọ́tò tó ń gbé èèyàn lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ní gúúsù fagi lé ìwé mọ́tò wọn, Lloyd's ní London ni wọ́n lọ bá.

Òkè tí ìrántí àwọn dúdú tí òyìnbó pa láìdájọ́ wà (National Memorial for Peace and Justice) kò ní ibòji púpọ̀, ẹ dé fìlà. Irin tó lé ní 800 ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìjọba ìbílẹ̀ kan, orúkọ òkú lára wọn. Ẹ̀ ń wọlé, irin náà dúró lójúkojú yín bí èèyàn. Bí ẹ ṣe ń lọ, ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ yín á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fura, títí gbogbo wọn á fi so rọ̀ lókè orí yín.

Títì 80 lẹ máa gbà dé Selma, ẹ̀yìnkẹ́yìn ọ̀nà tí ìwọ́de 1965, tí àwọn dúdú fi béèrè ẹ̀tọ́ láti dìbò, gbà. Ẹ dúró ní ilé ìtàn Lowndes nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà, kí ó lè tò bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ má fi mọ́tò gun afárá Edmund Pettus. Ẹ páàkì sí ìhà ìlú, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn ín. Kò ju nǹkan bíi mítà 380 lọ. Àárín rẹ̀ ga bí ẹ̀yìn ràkúnmí, nítorí náà ẹni tó ń bọ̀ láti ìlú kò lè rí òdìkejì àfi tó bá dé góńgó. Ibẹ̀ ni nǹkan bí 600 èèyàn dé ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹta 1965 kí wọ́n tó rí àwọn ọlọ́pàá tó tò sílẹ̀ dè wọ́n pẹ̀lú kóńdó, ẹṣin àti tajútajú. Wọ́n lù wọ́n padà sẹ́yìn. Ẹ̀tọ́ láti dìbò ni wọ́n ń béèrè. Ọjọ́ méjì péré lóṣù ni wọ́n ń ṣí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ní kóòtù Dallas County, ìjọba ìbílẹ̀ tí Selma wà. Dúdú á tò síbẹ̀ láti àárọ̀, ilẹ̀ á ṣú bá a níta. Ọjọ́ 21 oṣù náà ni wọ́n tó ráyè gbéra, wọ́n sì rin máìlì 54 dé Montgomery lọ́jọ́ 25. Ọjọ́ 6 Oṣù Kẹjọ ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìbò.

Kóòtù yẹn náà ni kí ẹ yà sí kí ẹ tó kúrò nílùú. Lọ́dún 1931, ìyá arúgbó kan tó ti lé ní 70 ọdún, Matilda McCrear, fẹsẹ̀ rin máìlì 15 wá síbẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ni wọ́n gbé e wọ Clotilda pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Àbáké ni wọ́n sọ ọ́ nílé, ilà sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wá béèrè owó gbà-má-bínú fún ohun tí wọ́n fojú rẹ̀ rí. Adájọ́ ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ó kú ní Oṣù Kìíní 1940, oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí afárá náà.